Ìbọn Ọdẹ Kejì: Ṣakabùlà, Olójú Kan, Olójú Méjì, àbí Ráífù?

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé ìbọn mìíràn, ẹ kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ẹ yìnbọn láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ẹ ka ẹran tí ẹ gbé wálé pẹ̀lú. Bí ẹ bá yìnbọn nígbà 30, tí ẹran sì jẹ́ 10, ìbọn kejì kò ní sọ 10 di 20. Ibi tí 20 yòókù ń gbà lọ ni tọ́ọ̀ṣì yín, irú ọta tí ẹ ń lò, àti bí ẹ ṣe jìnnà sí ẹran nígbà tí ẹ yìn ín. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tó ń wá ìbọn kejì kiri, ìbọn àkọ́kọ́ gan-an ni wọn kò tíì mọ̀ dáadáa.

Lójú tiwa, ìdí mẹ́ta ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èkíní, ìbọn tó wà nílé ti gbó débi pé àtúnṣe rẹ̀ gan-an léwu. Èkejì, ilẹ̀ tí ẹ ń dọdẹ ti yí padà: ẹni tó ti ń ṣọdẹ nínú igbó kìjikìji kó lọ sí ọ̀dàn, níbi tí ẹran ti ń rí èèyàn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀kẹta, ìbọn tí a ń kì lẹ́nu nìkan ni ẹ ní, ẹ sì fẹ́ bọ́ sí oníkátíríìjì, èyí tó ń jẹ ọta tí ilé iṣẹ́ ti kì parí. Ti “kí ọmọ mi náà lè ní èyí tí yóò máa gbé” kò sí lára wọn. Orúkọ ẹnì kan ni ìwé àṣẹ ìbọn máa ń wà, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Ọmọ náà yóò gba tirẹ̀ ni, òfin Nàìjíríà kò sì gbà á láyè fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17.

Gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà la ní lọ́kàn: igbó Oǹdó, Èkìtì, Ọ̀ṣun àti Ògùn lọ́wọ́ kan, ọ̀dàn Òkè-Ògùn lọ́wọ́ kejì. Ìbọn tó tọ́ sí ọ̀kan lè má tọ́ sí ìkejì. Ṣakabùlà ni ìbọn ìbílẹ̀ tí a ń kì lẹ́nu. Olójú kan àti olójú méjì ni ìbọn oníkátíríìjì tó ní ọ̀pá irin kan tàbí méjì. Ráífù ni èyí tó ń yin ọta kan ṣoṣo lọ sọ́nà jíjìn.

| | Ṣakabùlà | Olójú kan | Olójú méjì | Ráífù |
|---|---|---|---|---|
| Oúnjẹ rẹ̀ | ẹ̀tù, ọta, ẹ̀kísà (àkísà tí a fi ń dí i) | kátíríìjì | kátíríìjì | ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan |
| Ìwúwo | bí alágbẹ̀dẹ bá ṣe rọ ọ́ | kílò 2.5 sí 3 | kílò 3 sí 3.5 | kílò 3 sí 4 |
| Ibi tó ṣeé gbọ́kàn lé dé | mítà 20 | mítà 30 sí 35 | mítà 30 sí 35 | mítà 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ |
| Yíyìn lẹ́ẹ̀kejì | ó tó ìṣẹ́jú kan | ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ | ojú ẹsẹ̀ | bí irú rẹ̀ bá ṣe rí |
| Nínú òjò | ó burú | ó dára | ó dára | ó dára |

Ṣakabùlà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣakabùlà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú yín. Kò ní kí ẹ máa wá kátíríìjì kiri, èèlò wẹẹrẹ tó lè bàjẹ́ kò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ti ṣe parí nínú kátíríìjì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ óò máa ṣe é nínú òkùnkùn, lábẹ́ ìrì, tọwọ́ tẹsẹ̀ yín á sì máa kánjú.

Èyí tó ń lo òkúta ìṣáná ló ṣòro jù. Iná á kọ́kọ́ ràn lórí àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó wọlé bá ẹ̀tù gan-an. Àlàfo díẹ̀ yẹn tó fún ẹtu láti fò kúrò lójú ibẹ̀. (Ẹtu ẹran, ẹtù ẹyẹ, ẹ̀tù ìbọn: ẹni tí kò bá fi àmì sí i yóò ra ohun tí kò béèrè.) Òjò kékeré tó bá bọ́ sínú àwo náà, ó parí nìyẹn. Oníkáàpù, èyí tó ń lo káàpù kékeré tó ń ṣáná bí a bá lù ú, yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fara da ìrì díẹ̀, àmọ́ ihò tí iná ń gbà wọlé máa ń dí bí a kò bá fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́yìn yíyìn mẹ́ta mẹ́rin.

Ohun mẹ́rin ló sábà ń mú kí ọ̀pá irin rẹ̀ bẹ́:

Kíkì lẹ́ẹ̀mejì. Ọdẹ ki ìbọn, kò rí ẹran, ó gbé e kọ́. Lọ́jọ́ kejì ó gbàgbé, ó tún kì í. Ẹ ki ọ̀pá ìkìbọn bọ inú ìbọn nígbà tó ṣófo, ẹ fi ọ̀bẹ fá ojú ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Ẹ kì í bó ṣe yẹ, ẹ tún fá a lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀pá yẹn ni yóò máa sọ fún yín bóyá ó ṣófo tàbí ó kún.

Àlàfo láàárín ẹ̀tù àti ọta. Bí a bá gbé ìbọn dorí kodò rìn, ẹ̀kísà lè yọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ síwájú, ọta á tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ọta tó ti kúrò láàyè rẹ̀ á dà bí èdídí tí a fi dí ihò, irin á sì bẹ́ níbẹ̀. Ẹ tún fi ọ̀pá kì í kí ẹ tó wọ igbó, àti lẹ́yìn gbogbo ìrìn tó gùn.

Irin tí kì í ṣe ti ìbọn. Páìpù omi tó ní ojú ìjó (ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀) lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lágbára ní ojú ìjó yẹn. Bí ẹ bá fi ìka tọ inú rẹ̀ láti ẹnu, tí ẹ bá ìlà gígùn kan pàdé, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀tù kátíríìjì. Àwọn kan máa ń tú kátíríìjì tó ti gbó, wọ́n á da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù dúdú ìbílẹ̀ àti ẹ̀tù aláìléèéfín inú kátíríìjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí a bá bu ti kátíríìjì ní ìwọ̀n kan náà, agbára rẹ̀ lè ga ju ohun tí irin náà lè gbé lọ lọ́nà púpọ̀, ojú àti ọwọ́ òsì ẹni tó yìn ín ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ.

Bí apátí (irin tó ń lu ìbọn kó lè dún) bá lù tí ìbọn kò dún, ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ tó rọ̀, ẹ ka 60 kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Iná lè wà nínú rẹ̀ tó ń rà lọ́wọ́. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun?

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣeé sún di ọ̀la. Ìdọ̀tí tí ẹ̀tù dúdú ń fi sílẹ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, irin sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ pa á. Epo pupa máa ń dì, ó sì máa ń kó ìdọ̀tí mọ́ra.

Ẹni tó ti ní ṣakabùlà kan kò nílò èkejì. Ẹ má sì tà á nígbà tí ẹ bá ra oníkátíríìjì. Òun ni ẹ óò gbé jáde nígbà ìṣípà ọdẹ àti ọdún Ògún, níbi tí a ti ń fi ẹ̀tù nìkan dún un. Kódà nígbà náà, ẹ̀kísà tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lè ya ara ẹni tó bá dúró nítòsí. Òkè ni kí ẹ dojú rẹ̀ kọ.

Olójú kan

Bó bá jẹ́ pé ìbọn kan ṣoṣo la fẹ́ dábàá lé ṣakabùlà, èyí ni. Ẹ ṣẹ́ ẹ láàárín, ẹ ti kátíríìjì kan bọ̀ ọ́, ẹ dé e padà. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró tì yín lè rí i pé ó ṣófo tàbí pé ó ní nǹkan nínú. Ó fúyẹ́ fún ẹni tó ń rìn láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ: ẹni tó mọ̀ pé ọta kan ṣoṣo lòun ní máa ń súnmọ́ ẹran kó tó yìn ín.

Fífúyẹ́ yẹn ní ẹ̀yìn tirẹ̀. Kátíríìjì tó gbé òjé gíráàmù 36, bí ẹ bá yìn ín nínú ìbọn kílò 2.5, yóò gbá èjìká yín bí ìgbà tí ẹṣin tani nípàá. Lẹ́yìn bíi mẹ́ta, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í pajú dè é, ẹ óò sì máa tàsé láìmọ ìdí. Gíráàmù 28 sí 32 tó fún un.

Ohun tó ń bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí kátíríìjì lè kú tàbí kó ṣẹ́: ẹ óò rí i pé ojú tó gún kò jìn, tàbí pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sípíríìnì apátí lè rọ̀. Igi iwájú tí ọwọ́ òsì ń dì mú lè máa yọ̀. Èyí tó léwu ni ti àwọn ti àtijọ́ tí apátí wọn ń sinmi lé abẹ́rẹ́ tààrà: bí ìbọn náà bá bọ́, tí apátí fi orí lu òkúta, ó lè dún. Irú èyí, ṣíṣí ni kí ẹ máa gbé e rìn, kí kátíríìjì wà lápò títí ẹ óò fi rí ẹran.

Ìwọ̀n ihò rẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà 12 ló wọ́pọ̀. Ihò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 18.5. Nọ́ńbà 20 fúyẹ́ jù ú lọ, kì í sì í gbá èjìká tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ìbọn tó wà nílé bá ń jẹ 12, ẹ má ra 20 kún un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnáwó nìkan. Kátíríìjì 20 tó bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn 12 kò ní jábọ́ síta. Yóò rọra lọ há síwájú díẹ̀, níbi tí ojú kò ní tètè rí i. Ọdẹ á lérò pé òun kò tíì kì í, á ti 12 bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, á sì yìn ín. Ìbọn yẹn á fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń fi àwọ̀ òféfèé (yẹ́lò) ṣe kátíríìjì 20. Lálẹ́, lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì orí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀.

Olójú méjì

Àwọn èèyàn rò pé nítorí yíyìn lẹ́ẹ̀mejì léraléra la fi ń rà á. Àǹfààní rẹ̀ gidi ni pé ẹ lè gbé ọta oríṣi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ olójú méjì tí ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹnu ti ọ̀tún là díẹ̀, ti òsì sì fún, kí ọta rẹ̀ má bàa tètè tàn ká. Ẹ lè fi ọta wẹẹrẹ sí ọ̀tún fún àparò tàbí ọ̀yà tó fò jáde lẹ́sẹ̀ yín, kí ẹ fi ọta ńlá sí òsì fún àgbọ̀nrín tó dúró lókèèrè. Bí ibi méjì tí ìka ń fà bá wà lábẹ́ rẹ̀, ti iwájú ló sábà ń yin ọ̀tún.

Àléébù rẹ̀: ó wúwo ju olójú kan lọ, ó wọ́n jù ú, èèlò inú rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Bí ìka bá tóbi tàbí tí ẹ di ìbọn náà mú gbọ̀jẹ̀gẹ̀, gbígbá ti àkọ́kọ́ lè mú kí ìka já sí ìkejì kí ẹ tó mọ̀. Bí sípíríìnì inú rẹ̀ bá ti jẹ, méjèèjì lè dún pọ̀ pẹ̀lú fífà ẹyọ kan. Irú èyí kì í ṣe ìbọn ọdẹ mọ́ títí ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi tú u.

Fún ẹni tó ń ṣọdẹ òru nínú igbó, tó ń wá òkété àti ọ̀yà ní mítà 15 sí 20, olójú méjì lé olójú kan jẹ́ owó tó ṣòfò. Fún ẹni tó ń dọdẹ ọ̀sán ní ọ̀dàn Ṣakí, Ìgbòho tàbí Kíṣí, níbi tí ẹtù ti ń fò ní ọ̀wọ́, tí ìmàdò tó fara gbọta sì lè yíjú padà, ó tọ́ sí i.

Ráífù

Ráífù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń béèrè, nítorí fídíò tí wọ́n ń wò láti Amẹ́ríkà àti gúúsù Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn nílẹ̀ wa. Ọta .22, ọ̀kan lára àwọn tó kéré jù nínú ọta ráífù ọdẹ, lè rìn tó kìlómítà 2.4. Igbó wa kún fún oko kòkó, ahéré, àti èèyàn tó ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá tàsé kò mọ ẹni tí ọta rẹ̀ bá. Nínú igbó tí ojú kò ríran kọjá mítà 25, kò sí ohun tí ráífù fẹ́ ṣe tí kátíríìjì kò lè ṣe.

Òfin tún wà níbẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ráífù ológun oníwọ̀n 7.62 mm, 9 mm, .300 àti .303 mọ́ àwọn ìbọn tí a kà léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ nìkan lè fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ráífù ọdẹ tó gbajúmọ̀ nílẹ̀ òkèèrè ló bọ́ sí ìwọ̀n wọ̀nyẹn, bíi .308 àti .30-06. Ṣakabùlà àti oníkáàpù ní ìpín tiwọn nínú òfin yẹn. Olójú kan àti olójú méjì wà ní ìpín tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá wá. Pọ́ńpù (èyí tí a ń fa igi iwájú rẹ̀ kó lè ki kátíríìjì mìíràn), àti gbogbo èyí tó ń kì ara rẹ̀, ni òfin yọ kúrò nínú ìpín náà. Ẹni tó bá ní “gbogbo èèyàn ló ń lò ó” kò ní bá yín dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀

Ẹ béèrè ìwé kí ẹ tó wo ìbọn. Nọ́ńbà tó wà lára irin àti èyí tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ bára mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ìbọn tí wọ́n ti ha nọ́ńbà rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ìwé ẹni tó ń tà á kò sì di tiyín nítorí pé ẹ sanwó. Ẹ gba àṣẹ tiyín kí ìbọn tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, ẹ rí i pé ó ṣófo, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Ó yẹ kó máa dán, kí òbìrí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sì yípo dáadáa. Bí òbìrí náà bá wọ́ níbì kan, irin ti tẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí òrùka dúdú kan tó yí inú rẹ̀ po, ọta ti há níbẹ̀ rí, irin náà sì ti wú díẹ̀. Ẹ fi ìka pa ìta rẹ̀ ní ibẹ̀, ẹ óò mọ̀ ọ́n.

Ẹ dé e, ẹ yọ igi iwájú kúrò, ẹ di ìdí ìbọn mú, ẹ mi irin rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì, oríkèé rẹ̀ ti jẹ.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára irin: 65, 67.5, 70 tàbí 76. Gígùn ihò kátíríìjì ní mìlímítà nìyẹn. Kátíríìjì 70 máa ń wọ ihò 65 láìsí wàhálà, ìdí nìyẹn tó fi ń tan èèyàn. Ẹnu rẹ̀ kò ní àyè láti ṣí tán nígbà tó bá dún, agbára inú rẹ̀ á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá àmì ilé ìdánwò ìbọn lára rẹ̀ pẹ̀lú, bí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní Birmingham, Liège tàbí Saint-Étienne.

Ti ìbọn tí wọ́n rọ ládùúgbò láti máa jẹ kátíríìjì, ẹ sá fún un. Yàtọ̀ sí pé òfin kò gbà á, kátíríìjì 12 lásán ni wọ́n gbà láyè ní Yúróòpù kó ti irin dé bar 740. Táyà mọ́tò kékeré ń gbé nǹkan bíi bar 2. Kò sí páìpù tí a gé ní pańtẹ́ẹ̀kà tó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé irú agbára yẹn sún mọ́ ojú rẹ̀.

Ohun tó ṣeé ṣe kí ẹ nílò dípò ìbọn

Ẹ gba páálí ńlá mẹ́rin, ẹ ya òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76 sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e síwájú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ gíga, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Ẹ yin ọ̀kan ní mítà 20, ọ̀kan ní 25, ọ̀kan ní 30, ọ̀kan ní 36. Ẹ ka ihò tó wà nínú òbìrí kọ̀ọ̀kan. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ là pátápátá máa ń fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọta rẹ̀ sínú òbìrí yẹn ní mítà 36. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fún jù lè fi ìdá 70.

Ẹ wá fi èyí wo irú ọta tí ẹ ń rà. Nọ́ńbà tàbí lẹ́tà tó wà lára páálí rẹ̀ ló ń sọ bí ọta ṣe tóbi tó, kì í ṣe ìwọ̀n ihò ìbọn. Nínú òjé gíráàmù 28, lórí ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà 6 jẹ́ ọta 270, nọ́ńbà 4 jẹ́ 170, BB jẹ́ 70, SSG jẹ́ 15 péré. Pẹ̀lú ẹnu tó là, 6 nínú 15 yẹn ni yóò bọ́ sínú òbìrí ní mítà 36, àyà ẹtu kò sì tó òbìrí náà rárá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí ọdẹ bá búra pé òun lù ú, tí ẹran sì sá lọ kú sínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Kì í ṣe ìbọn ló dá a. Ẹ dín ìjìnnà kù sí mítà 20 pẹ̀lú SSG, tàbí kí ẹ lo BB fún ẹtu àti nọ́ńbà 4 fún ọ̀yà. Nọ́ńbà kì í sì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo: nọ́ńbà 6 ti Amẹ́ríkà jẹ́ 225, kì í ṣe 270. Ẹ wo orílẹ̀-èdè tó wà lára páálí kátíríìjì kí ẹ tó fi méjì wéra.

Ọta òjé inú ẹran kò dára fún ara, pàápàá fún aboyún àti ọmọdé. Ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká kúrò, ó kéré tán ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ajá náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Bí páálí mẹ́rin yẹn bá fi hàn pé ìbọn yín ń ṣe dáadáa, owó ìbọn kejì tó ra tọ́ọ̀ṣì orí tó mọ́lẹ̀ dáadáa, bàtà tí ejò kò lè bù jẹ, àti kátíríìjì ọdún kan. Bí ó bá fi hàn pé ọta ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà gbogbo, irin náà ti wọ́ tàbí ìdí rẹ̀ kò bá apá yín mu. Ẹ mú páálí náà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ bá ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ kí ó jẹ́ kí ẹ fi ìbọn tó fẹ́ tà yin páálí karùn-ún níbi tí wọ́n gbà á láyè. Ẹni tí kò bá gbà, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.